Ìwé Kékeré Ìyìọlá

Agogo mọ́kànlá òru. Wọ́n ti mú iná lọ.
Ọ̀fà ti sùn, àwọn ajá nìkan ló ń jiyàn lọ́nà Ṣáwo.
Mo ń fi ìka ti fóònù sókè, sókè,
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Ìsọ̀ tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní àga,
ìgò wáìnì tò síbẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń retí orúkọ rẹ̀.
Iye àtijọ́ wà lókè, wọ́n fi ìlà dá a lọ́rùn;
iye tuntun wà nísàlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi.
Wọ́n ní àwọn dín in.
Dídín yìí kì í ṣe ti àkàrà,
ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn.

Ìjàkadì l'orò wa níhìn-ín:
èmi àti iye owó la jọ wọ̀yá ìjà.

Ìyìọlá, ìwọ lo kọ́ mi.
Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń fọn fèrè bí ẹni tó mú ìròyìn dání,
tí o ń ti Ìdó bọ̀ pẹ̀lú àpò kaki,
ìgò kan a máa wà láàárín ṣòkòtò méjì,
o ó ti fi ìwé ìròyìn pọ̀n ọ́n bí ọmọ tuntun.
Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ọjọ́ tí a ṣègbéyàwó.
A ó mu ún tán, o ó mú ìwé kékeré rẹ jáde,
o ó kọ iye, o ó kọ ìdájọ́:
Ó kan.
Ó dùn jù, ti ọmọdé ni.
Ìgò rẹwà, inú ṣófo bí ọ̀gá wa tuntun.
Tún rà.
Nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni mo rí "tún rà" níbẹ̀.

Olóyè Lálẹ́yẹ ní ọtí ọ̀pọ̀, ẹ̀fọ́rí ló ń bí.
Mo ní Olóyè, èyí tí ẹ rà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ńkọ́?
Ta ló mu ún tí kò dorí mú lọ́jọ́ kejì?
Gbogbo ohun tó wọ́n kọ́ ló lọ́wọ̀.

Nítorí náà ni mo fi ń bi ìgò léèrè lóru:
kí lo ṣe tí wọ́n fi dín ọ?
Ṣé o ti gbó ni? Ṣé oòrùn pa ọ́ ní èbúté?
Àbí ẹnikẹ́ni ò rí orúkọ rẹ pè ni?
Ọ̀kan dá mi lóhùn. Lébẹ̀lì rẹ̀ ya,
ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá di mẹ́fà àbọ̀.
Mo tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Sátidé, Sáádù fi ọ̀kadà gbé e dé láti Ìlọrin,
ọ̀rá dúdú mẹ́ta ló fi wé e.
"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi.
Láti Gáà Àkáǹbí ni mo ti ń pè é ní òróró."
Mo fún un ní omi tútù.
Ó ní kí Ọlọ́run fi òróró náà ṣe mí lóore.

Kọ́ọ̀kì kọ̀, kò jáde; mo fi ìdí ṣíbí tì í wọlé.
Ó ń rùn bí ìyeyè tó já sílẹ̀ lẹ́yìn òjò,
èéfín díẹ̀ sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.
Kọ́ọ̀bù tíì ni mo fi mu ún.

Mo wá ṣí ìwé rẹ. Ojú ewé tó kẹ́yìn,
ọwọ́ rẹ ti ń gbọ̀n nígbà náà:
Ó kan, ṣùgbọ́n ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀.
Ìyìọlá! Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.
Mo rò pé ìwọ lo fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Mo kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀:
Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àbọ̀. Lébẹ̀lì ya, inú ò ya. Tún rà.
Mo padà sórí fóònù láti ra méjì sí i.
Wọ́n ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lé e.
Àwọn ajá tún ti bẹ̀rẹ̀ iyàn wọn.